Síprò tí dókítà kọ fún bàbá mi: ṣé kí wọ́n máa lò ó lọ, àbí kí wọ́n dá a dúró?

Ọmọ Alákétu:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè kan nípa oògùn tí a kọ fún bàbá mi, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ̀, nítorí pé ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn kò bára mu.

Bàbá mi ti lé ní ọmọ ọdún 65. Kétu ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń lọ sí oko títí di òní. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, glibenclamide ni wọ́n sì ń lò sí i. Láìpẹ́ yìí ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, ibà dé sí i, ìbàdí àti ìsàlẹ̀ ikùn sì ń ro wọ́n. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, a yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà sì sọ fún wa pé kòkòrò àrùn ti wọ inú àpò ìtọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ti dé pọ́sítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ó kọ ciprofloxacin, tí a ń pè ní síprò, tí hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 14. Fámásì ni a ti rà á. Bàbá ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀, ibà náà sì ti ń lọ sílẹ̀.

Ohun tí ó dẹ́rù bà mí ni ohùn kan tí ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Kútọnu fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, pé àwọn òyìnbó ti fòfin de síprò ní ilẹ̀ wọn nítorí pé ó ń já iṣan ẹsẹ̀, ó sì ń da orí ènìyàn rú, àti pé àwa ni wọ́n wá ń kó o fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a dá a dúró lónìí olónìí. Ìyá mi ní tiwọn sọ pé síprò yìí kan náà ni àwọn máa ń rà lórí àtẹ bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni nínú ilé, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Apòògùn Àjàṣẹ́:

Ọmọ Alákétu, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Fámásì kan ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí oṣù kan tí a kì í bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín nítorí ohùn WhatsApp, nítorí pé kòkòrò àrùn tí ó ti wọ pọ́sítéètì tí a kò sì wò tán lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ewu yẹn sì tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ pe dókítà tí ó kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì rí i dájú pé ó mọ ọjọ́ orí bàbá, pé ó mọ̀ nípa glibenclamide, pé ó sì mọ gbogbo oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. N óò sọ ìdí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin tí ẹ̀gbọ́n yín sọ. Wọn kò fòfin de ciprofloxacin ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fòfin dè é ní Yúróòpù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ ń gun orí ìkìlọ̀. Ní ọdún 2008, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ tí ó lágbára jù lọ sára ciprofloxacin àti àwọn oògùn ẹbí rẹ̀ nítorí iṣan gìgísẹ̀ tí ó ń já. Ní ọdún 2013, wọ́n fi kún ìkìlọ̀ nípa iṣan ìmọ̀lára, pé ìpalára rẹ̀ lè pẹ́ lára tàbí kí ó má lọ mọ́. Ní ọdún 2016, wọ́n ní kí a má ṣe lò wọ́n mọ́ fún àìsàn kéékèèké bí ikọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ihò imú tí ó wú, tàbí àrùn ìtọ̀ tí kò le, bí oògùn mìíràn bá wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2018, ó kan ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí ó ń já wálẹ̀ lójijì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, ó sì tún kan òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde, tí ó lè ya lára àwọn ènìyàn kan. Yúróòpù dín lílò wọn kù ní ọdún 2019, wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú àwọn àgbà wọn kúrò lọ́jà pátápátá, nalidixic acid wà lára wọn. Bóyá èyí ni ẹni tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ gbọ́ tí ó fi pè é ní òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí a má ṣe kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi bí àwọn àńtíbáyótíìkì (oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn) mìíràn tí a sábà máa ń lò kò bá bá aláìsàn náà mu. Nítorí náà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, irọ́ sì wà nínú rẹ̀: oògùn tí a ń fi ọgbọ́n lò ni, kì í ṣe oògùn tí a lé kúrò nílùú.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí dókítà fi yàn án? Ciprofloxacin wà nínú ẹbí kan tí a ń pè ní fluoroquinolone. Levofloxacin, ofloxacin, norfloxacin àti moxifloxacin jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Inú iṣẹ́ ṣíṣe chloroquine, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀, ni wọ́n ti rí nalidixic acid tí ó jẹ́ àgbà wọn, ní nǹkan bí ọdún 1962. Ciprofloxacin fúnra rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Nínú kòkòrò àrùn, DNA wà ní wíwé bí òwú tí a ran. Bí kòkòrò náà bá fẹ́ di méjì, ó ní láti gé òwú yìí, kí ó tú u, kí ó sì tún un so. Èròjà méjì tí a ń pè ní DNA gyrase àti topoisomerase IV ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún un. Fluoroquinolone á dì mọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ti gé e tán, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí i so padà, kòkòrò náà á sì kú. Agbára mìíràn tí ó ní ni pé ó ń dé ibi tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í dé. Pọ́sítéètì kì í gba oògùn láàyè láti wọlé bẹ́ẹ̀. Amoxicillin tí a gbé mì kì í dé ibẹ̀ tó bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ciprofloxacin àti co-trimoxazole wà lára ìwọ̀nba tí ó ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ó ń wọ inú egungun pẹ̀lú, ó sì wà lára oògùn díẹ̀ tí a lè gbé mì tí ó ń pa kòkòrò olóríkunkun tí ó ń jẹ́ Pseudomonas. Lójú tèmi, dókítà yín kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ta, tí ibà sì ń mú, kì í ṣe aláìsàn kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ wà nílẹ̀. Glibenclamide ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fluoroquinolone sì lè bá a fà á wálẹ̀ kọjá ibi tí ó yẹ, pàápàá lára àgbàlagbà tí oúnjẹ kò wù nítorí àìsàn. Bí bàbá bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ségesège, tàbí tí oorun tí kò yẹ ń kùn wọ́n, ẹ wọn ṣúgà wọn. Bí kò bá sí ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ti iṣan ni èkejì. Okùn iṣan tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ni ó sábà máa ń mú, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sì lè dúró di oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn bá ti tán. Kì í wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún, àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àti àwọn tí ń lo oògùn irú prednisolone tàbí dexamethasone ni ó máa ń wá bá jù lọ. Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ń rìn wọ́n tìnrìn-tìnrìn, tàbí tí ó ń jó wọn bí ẹni fi iná sí i, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má ṣe dúró di ìparí ọjọ́ 14.

Mo wá ní ìbéèrè mẹ́ta fún yín. Ṣé wọ́n yẹ kíndìnrín bàbá wò nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn? Kí ni wọ́n fi ń gbé oògùn náà mì? Ǹjẹ́ wọ́n ń lo oògùn ara ríro kankan, yálà ti fámásì tàbí ti orí àtẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ìyá léèrè èyí tí ó kẹ́yìn yìí dáadáa, nítorí pé àwọn bàbá wa kì í ka irú rẹ̀ sí oògùn.

Bàbá Awakọ̀:

Mo kí gbogbo yín. Apòògùn, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Ìgóló ni mo ń ná, síprò kì í sì í kúrò nínú ọkọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́. Bí oúnjẹ ojú ọ̀nà bá da inú mi rú, hóró méjì. Bí ara mi bá gbóná, hóró méjì. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo kó àtọ̀sí, òun náà ni mo lò. Bí ó bá ń já iṣan, ṣé èmi tí mo ń tẹ bíréékì láti àárọ̀ di alẹ́ kọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ já tèmi? Oògùn tí ó bá ara ẹni mu ni oògùn. Àwọn tí ń ta á ní ọjà Ouando mọ èyí tí ó dára.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́:

Bàbá Awakọ̀, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á lo síprò tí iṣan wọn kò ní já. Apòògùn náà ti sọ pé kì í wọ́pọ̀. Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni hóró méjì, hóró méjì yẹn. Nínú ogunlọ́gọ̀ kòkòrò àrùn tí ó wà nínú ikùn, a máa ń rí díẹ̀ tí gyrase wọn ti yí padà díẹ̀, tí oògùn náà kò fi rí wọn dì mú dáadáa. Hóró méjì á pa àwọn tí kò lágbára, á sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn wọ̀nyí láti máa bí sí i. Lọ́jọ́ tí irú wọn bá wá wọ inú ìtọ̀ tàbí inú ẹ̀jẹ̀ yín tàbí ti ọmọ yín, síprò kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Ti àtọ̀sí tí ẹ sọ ni ẹ̀rí tí ó hàn jù lọ: oògùn yìí kan náà ni a fi ń wò ó káàkiri ayé nígbà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 2007, Amẹ́ríkà ti ní kí a má fi wò ó mọ́, nítorí pé kòkòrò àtọ̀sí ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó bá fi síprò wo àtọ̀sí lónìí lè rò pé òun ti sàn nígbà tí ó ń kó o ran ìyàwó rẹ̀. Táífọ́ọ̀dù náà ń tọ ọ̀nà yẹn bọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀.

Nípa ti ara gbígbóná, ẹ̀fọn ni ó ń fa púpọ̀ nínú ibà wa, síprò kì í sì í wo ibà ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó gbé ohunkóhun mì. Ìgbẹ́ gbuuru olómi lásán, pàápàá ti ọmọdé, kì í fẹ́ àńtíbáyótíìkì rárá. Omi SRO, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà, àti zinc ni ó ń fẹ́. Mo tilẹ̀ ti rí ìyá kan tí ó fún ọmọ ní zinc àti síprò lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò mọ̀ pé zinc á dì mọ́ síprò nínú ikùn, tí kò ní jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín àwọn àńtíbáyótíìkì sí ìsọ̀rí mẹ́ta láti ọdún 2017: àwọn tí a lè kọ́kọ́ nawọ́ sí, bí amoxicillin, àwọn tí ó yẹ kí a máa fi ojú ṣọ́, àti àwọn tí a ń fi pa mọ́ di ọjọ́ ìṣòro. Gbogbo fluoroquinolone tí a ń gbé mì níhìn-ín wà nínú ìsọ̀rí kejì. A ń fi ojú ṣọ́ wọn nítorí pé a nílò wọn. Ní ilé ìtọ́jú tiwa, a máa ń fún ẹni tí ó ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ ní ciprofloxacin fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ní apá òkè ilẹ̀ wa, ní Alibori, Atacora àti Borgou, tí yírùnyírùn ti máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a lè fún àwọn tí ń bá aláìsàn gbé nínú ilé kan náà ní ẹyọ kan ṣoṣo kí ó má baà mú wọn. Èyí tí ó sì gbẹgẹ́ jù lọ ni ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Levofloxacin àti moxifloxacin jẹ́ ọ̀pá tí a fi ń gbé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí rifampicin, oògùn pàtàkì rẹ̀, kò ràn dúró. Ìtọ́jú oṣù mẹ́fà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2022 ní moxifloxacin nínú. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹnì kan tà levofloxacin fún lórí àtẹ, ikọ́ náà lè rọlẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ á yá, kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò itọ́, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà á sì ti kọ́ bí a ṣe ń sá fún oògùn tí ì bá gbà á là.

Ní ti àwọn ará Ouando, n kò lè bá yín jiyàn pé wọ́n mọ ọjà wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ni a fi ń mọ iye oògùn tí ó wà nínú hóró. Kútọnu wa níbí ni Jacques Chirac ti ké pe ayé ní oṣù kẹwàá ọdún 2009 lórí ayédèrú oògùn, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, ìjọba lọ kó oògùn orí àtẹ nílẹ̀ ní ọjà Adjégounlè. Wọn kì bá tí yọ ara wọn lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a kọ sára páálí ni ó máa ń wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Alákétu:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti pe dókítà, mo sì ti bi ìyá mi léèrè bí apòògùn ṣe sọ, ó sì dára tí mo béèrè. Wọ́n fi ọ̀rá kékeré kan hàn mí, oògùn ara ríro tí bàbá ń rà lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń kiri, wọ́n sì ti ń lò ó lójoojúmọ́ láti àsìkò òjò tí ó kọjá kí wọ́n lè rí oko ro. Mo wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀: dexamethasone ni ọ̀kan, diclofenac ni èkejì. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Ògì tí a bu mílíìkì púpọ̀ sí ni wọ́n sì fi ń gbé síprò mì láràárọ̀, kí ó má baà jó wọn nínú. Ti kíndìnrín, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ní ó wà bí ó ṣe yẹ.

Ohun mìíràn tún wà. Láti àná ni ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún ti ń ro wọ́n, ó sì wú díẹ̀. Wọ́n ní oko ni ó fà á, pé àdí ni àwọn yóò fi ra á.

Apòògùn Àjàṣẹ́:

Èyí yí ọ̀rọ̀ padà. Kí bàbá má lo hóró síprò tí ó kàn, kí ẹ sì gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má fi di ọ̀la. Mo sọ pé ilé ìwòsàn nítorí pé kòkòrò tí ó wà nínú pọ́sítéètì kò tíì tán. Oògùn mìíràn ní láti gba ipò èyí tí a dá dúró, dókítà ni yóò sì yàn án.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ẹsẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí a fà á, kí bàbá má sì fi gbogbo ìwọ̀n ara tẹ̀ ẹ́. Iṣan tí ó ń ro lè má tíì já, a sì lè dá a sí bí ó bá sinmi. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró bí ìgbà tí nǹkan já lẹ́yìn ẹsẹ̀, tàbí tí wọn kò lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn dúró, a jẹ́ pé ó ti já nìyẹn.

Dexamethasone ni ó gbé ewu náà ga báyìí. Òun nìkan lè sọ iṣan di aláìlágbára. Bí ó bá pàdé fluoroquinolone lára ẹni tí ó ti lé ní 60 ọdún, ohun mẹ́ta tí à ń sá fún ti kó ara wọn jọ. Síbẹ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe gba dexamethasone náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ sì dà á nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ara ènìyàn ń ṣe èròjà kan tí ó jọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń gbé e mì fún oṣù púpọ̀, ara á ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ẹni tí ó bá dá a dúró lójijì, pàápàá nígbà tí àìsàn ṣì wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀ débi pé yóò dákú. Dókítà ni yóò sọ bí a ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ọ̀rá náà dání lọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Dexamethasone ń gbé ṣúgà sókè, síprò àti glibenclamide ń fà á wálẹ̀, nítorí náà n kò mọ ibi tí ṣúgà bàbá wà lónìí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Diclofenac ní tirẹ̀ kò dára fún kíndìnrín àgbàlagbà, àwọn oògùn irú rẹ̀ sì lè mú kí gìrì tètè gbé ẹni tí ó ń lo fluoroquinolone. Ẹni tí ó ní wárápá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gba irú oògùn yìí rárá.

Ti ògì onímílíìkì, èrò rere ni, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú mílíìkì ń ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa zinc. Wàràkàṣì tí a sè sínú ọbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ gidi kò fi bẹ́ẹ̀ léwu tó, ṣùgbọ́n mílíìkì lásán, oògùn inú gbígbóná tí ó ní magnesium, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin, a kì í gbé wọn mì pọ̀ mọ́ ciprofloxacin. Ó tó wákàtí méjì kí síprò ti ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Omi lásán tí ó pọ̀ ni a fi ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ rántí níwájú dókítà: bí ó bá fẹ́ fi co-trimoxazole rọ́pò rẹ̀, oògùn tí ó ń dé pọ́sítéètì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà máa ń bá glibenclamide fa ṣúgà wálẹ̀. Ẹ kàn béèrè, kò ní bínú.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè kí ẹ tó lọ. Àbúrò mi lóyún, wọ́n sì ní ó ní àrùn ìtọ̀. Ẹnì kan ní kí ó ra síprò. Ṣé ó dára?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́:

Kí ó má rà á, ìyá. Nígbà tí wọ́n dán àwọn oògùn yìí wò lára ọmọ ẹranko, wọ́n rí i pé ó ń ba kèrékèré oríkèé wọn jẹ́, nítorí náà a kì í fi ṣe àkọ́mú fún aláboyún tàbí ọmọdé, àfi bí àìsàn náà bá le tí dókítà sì pinnu bẹ́ẹ̀. Àrùn ìtọ̀ nínú oyún ní àwọn oògùn tí ó dára jù fún un, agbẹ̀bí rẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó lọ kíákíá, nítorí pé àrùn ìtọ̀ tí a fi sílẹ̀ lè gun kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ní àìtó èròjà G6PD tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè tí ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń dúdú lẹ́yìn oògùn kan, kí ó sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì kan oògùn tí a ń yàn.

Ọmọ Alákétu:

A ti lọ, a sì ti bọ̀. Dókítà dá síprò dúró lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ó rí ọ̀rá náà àti gìgísẹ̀ bàbá. Èsì ìtọ̀ tí wọ́n gbìn sí láàbù ti jáde: E. coli ni kòkòrò náà, ciprofloxacin ń pa á, ceftriaxone ń pa á, ṣùgbọ́n co-trimoxazole kò ràn án. Ceftriaxone ni wọ́n wá ń gún fún bàbá báyìí. Wọ́n ti kọ bí a ó ṣe máa dín dexamethasone kù, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, diclofenac sì ti di paracetamol. Iṣan náà kò já. Bàbá ń bínú díẹ̀ nítorí oko. Ìgbà wo ni wọ́n lè padà síbẹ̀? Ìyá mi sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè tọ́jú hóró síprò tí ó ṣẹ́ kù, nígbà tí láàbù ti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Apòògùn Àjàṣẹ́:

Mo bá yín yọ̀. Ó ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò náà lóòótọ́. Ara bàbá ni kò gbà á. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlera bàbá pé fluoroquinolone mú ìrora iṣan bá wọn, kí ó má jẹ́ pé levofloxacin tàbí ofloxacin ni ẹlòmíràn yóò kọ fún wọn lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí pé ohun kan náà ni wọn yóò ṣe. Ẹ kó àwọn hóró tí ó kù padà wá sí fámásì, kí ìyá má fi wọ́n pa mọ́ de inú rírun ẹnikẹ́ni.

Ti oko, kò sí ọjọ́ kan pàtó. Nígbà tí ìrora bá ti lọ pátápátá, tí wíwú náà sì ti lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ máa rìn nínú àgbàlá ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ fi ẹsẹ̀ náà han dókítà kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Kí wọ́n má fò, kí wọ́n má gbé ẹrù wúwo gun òkè. Iṣan náà lè já títí di oṣù mélòó kan sí i, nítorí náà bí ìrora bá tún padà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ti òsì, ẹ tún gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.